Àga Ìwẹ̀ Tíṣà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Nọ́ọ̀sì Alálùpùpù ló fi ìwé yìí lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí, kó tó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí ilé aláìsàn mìíràn. Ó ní láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni kí n máa bi ìyàwó mi pé, láti orí òdo títí dé orí mẹ́wàá, mélòó ló máa fún ìrora rẹ̀. Ohun tó bá sọ ni kí n kọ sílẹ̀. Tó bá ti kọjá márùn-ún, kí n pe òun, dókítà á fi kún oògùn olómi tó ń mu. Mo ní ìyẹn ò le rárá. Káfíńtà ni mí. Ó di ọdún méjìdínlógójì tí mo ti ń wọn nǹkan kí n tó gé e.

Nọ́ńbà méjì péré lójúmọ́ ò lè kún ìwé tó nípọn báyìí, èmi ò sì fẹ́ràn kí nǹkan máa ṣòfò, nítorí náà màá máa kọ ìyókù síbẹ̀. Ọkàn mi ò lélẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún wa ní ọsibítù pé jẹjẹrẹ ọmú náà ti wọ egungun ẹ̀yìn, pé kò ní lọ mọ́, pé ohun tó kù ni kí ayé rọrùn fún un. Tí mo bá jókòó, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé orí ìṣó ni mo jókòó lé.

Nọ́ọ̀sì tún bi Tíṣà pé kí ló wù ú jù láti máa ṣe. (Tíṣà ni mo ń pè é láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ, òun náà ń pè mí ní Káfíńtà.) Mo ti rò pé ó máa ní òun fẹ́ lọ kí àkọ́bí wa nílé rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Mo fẹ́ wẹ̀ fúnra mi, kí ìlẹ̀kùn wà ní títì." Èmi ni mo ti ń wẹ̀ ẹ́ láti oṣù kejìlá. Mo rò pé mo ń ṣe é dáadáa ni.

Àárọ̀: 3. Ìrọ̀lẹ́: 4.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Mo ti wọn balùwẹ̀. Mo wọn Tíṣà náà, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, láti ìdí dé ẹ̀yìn ọrùn. Ó ní ṣé pósí ni mo fẹ́ kàn ni. Mo ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mọ́, ó sì rẹ́rìn-ín mi. Àga ni mo fẹ́ kàn, àga ìwẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí kò ní yọ̀, tó ní ìgbọ́wọ́lé lápá òsì nìkan nítorí apá ọ̀tún rẹ̀ ti wú dé ìka, kò sì gbọdọ̀ gbá nǹkan.

Lọ́yà tó ní kí n kan pẹpẹ ìwé fún òun pè. Mo ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ni, mi ò tíì gé pákó kan.

Àárọ̀: 3. Ìrọ̀lẹ́: 3.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Àga ti parí. Mo fi sáńpépà dán an títí ó fi ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Tíṣà wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, mo gbọ́ tí omi dún lẹ́ẹ̀mejì. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi ṣí ìlẹ̀kùn padà, tí ojú rẹ̀ le, tó ní kí n wá bá òun parí ẹ̀.

Mo bi í pé mélòó ló fún àga náà. Ó ní mẹ́ta. Mi ò bínú. Tábìlì tí mo kàn fún un nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ, márùn-ún ló fún un, ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń jẹun lórí ẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìkòkò gbígbóná lé e. Ahun ni Tíṣà tó bá di ọ̀rọ̀ máàkì.

Ṣùgbọ́n kí ló ṣe àga? Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, pé ìdí àti ẹ̀yìn ló kàn ń ro òun. Mo rò pé pákó náà ló le jù fún un. Ó ti rù.

Àárọ̀: 4. Ìrọ̀lẹ́: 4.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Ooru. Fóòmù ti gbówó lórí, ẹni tó ń tà á sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo fi kún un. Mo rà á. Tíṣà ò sùn. Mo gbọ́ bó ṣe ń yí padà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àárọ̀: 4. Ìrọ̀lẹ́: 4.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Nọ́ọ̀sì wá. Ó fi báńdéèjì wé apá Tíṣà láti ìka dé èjìká, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti wíwú náà lọ sókè kí n tó wé e. Ó ní ọwọ́ mi ti le jù, pé kì í ṣe pákó ni mo ń fá. Ó tún fún wa ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí inú rẹ̀ le, nítorí oògùn ìrora náà ti ń dì í nínú. Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ la fi ìdajì wákàtí sọ, Tíṣà sì ń dáhùn bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ìtìjú ti kúrò lójú gbogbo wa.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì wo àwọn nọ́ńbà inú ìwé yìí, ó ní kò burú, pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ká má fi kún un. Inú mi dùn bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn nílé ìwé. Nígbà tí mo sin ín dé ẹnu ọ̀nà tí mo padà, Tíṣà di etí ibùsùn mú, èékánná rẹ̀ ti funfun. Mo ní ṣé kò sí nǹkan. Ó ní mẹ́rin ni, kí n yéé bi òun.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹta

Àga kejì, tó ní fóòmù, mo fi ọ̀rá bò ó kí omi má wọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó jáde pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn. Mo ní bóyá ó ga jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹsẹ̀ àga náà lójú ẹsẹ̀, níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tó kún fún omi, ni inú bá bí i.

"Káfíńtà, o ò lè jókòó ni? Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí o ò tíì jókòó tì mí kí ife tíì kan tó tán."

Mo ní tí mo bá jókòó ta ló máa kàn án? Ó ní kàn kí ni? Mo bọ́ síta. Mi ò rí ohun tí mo máa ṣe síta, ni mo bá gbá ẹ̀yìnkùlé tí mo ti gbá láàárọ̀.

Àárọ̀: 4. Ìrọ̀lẹ́: 4.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Òun ń yí lórí ibùsùn, èmi ń yí ní ẹ̀yìnkùlé. Ó jẹ ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin.

Àárọ̀: 4. Ìrọ̀lẹ́: 4.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Nọ́ọ̀sì fà mí sẹ́yìn ilé, ó bi mí bóyá Tíṣà ń sùn. Mo ní kì í sùn, pé ooru ni. Ó ní ṣé ó ń jẹun. Mo ní ooru ni. Ó ní, "Bàbá, nọ́ńbà yín dáa, ṣùgbọ́n ojú Màmá ò dáa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ." Ó padà wọlé, ó tún bi Tíṣà fúnra rẹ̀. Tíṣà ní mẹ́rin, pé òun ti sọ ọ́ fún ọkọ òun, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun á bá dókítà sọ̀rọ̀.

Inú bí mi sí i díẹ̀. Báwo ló ṣe jẹ́ pé ìwé tó fún mi pé kí n kọ ni kò wá gbà gbọ́?

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Àga kẹta ti parí, ó kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kó lè fara tì í. Lọ́yà ti pè lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti pa fóònù. Tíṣà ò tilẹ̀ jókòó sí i. Ó wò ó láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Má bínú, Káfíńtà. Má kan òmíràn mọ́."

Àga mẹ́ta ló wà ní ẹ̀yìnkùlé báyìí bí ẹni pé a fẹ́ ṣèpàdé. Mo lọ dúró láàárín wọn, mo sì sunkún. Òjò ń rọ̀, ẹnikẹ́ni ò lè mọ ìyàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè lọ́wọ́ mi, igi ló sì gbà, mi ò sì lè ṣe é.

Àárọ̀: 4. Ìrọ̀lẹ́: 4.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Àkọ́bí wa dé lọ́sàn-án pẹ̀lú báàgì kan. Báńkì tó ń bá ṣiṣẹ́ fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ títí, ó wá jáde sí yàrá ìjẹun, ó rí ìwé yìí lórí tábìlì, ó ń kà á. Mo fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti dé ibi tí mo ti kọ̀wé nípa ahun. Ẹ̀rín náà wá dá. Ó ṣí i padà sẹ́yìn, ó tún ṣí i síwájú.

"Bàámi, ta ló ń fún yín ní nọ́ńbà wọ̀nyí?"

Mo ní ìyá rẹ̀ ni.

"Màámi fúnra wọn?"

Mo ní ta ló tún fẹ́ jẹ́.

"Ẹ gbọ́, Bàámi. Ọdún tí mo gbégbá orókè nínú ìdánwò gbogbo agbègbè, kíláàsì Màámi ni mo wà. Wọ́n ka àròkọ mi sétí gbogbo ilé ìwé. Mẹ́fà ni Màámi fún mi. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá, mo sì ń fò fáyọ̀, nítorí kò sí ẹni tó gba méje lọ́wọ́ wọn rí. Tí Màámi bá wá pe nǹkan kan ní mẹ́rin..."

Ó na ìwé náà sí mi.

Mo gba ìwé náà. Mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Tábìlì tó fẹ́ràn jù láyé ló fún ní márùn-ún. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbí ní ọjọ́ keje, mo sì sọ ọ́ di àwàdà. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń wọn pákó, mi ò sì bi ara mi pé irú téèpù wo ni wọ́n fi wọn èyí. Gbogbo àga tí mo kàn, kò sí ohun tó ṣe ìkankan nínú wọn. Ìrora ni kò jẹ́ kó lè jókòó, èmi sì ń gé ẹsẹ̀ igi.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Àwa méjèèjì la jọ wọlé tọ̀ ọ́. Àkọ́bí ló sọ̀rọ̀, nítorí ohùn mi ò dá mi lójú. Tíṣà tẹ́tí sílẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ́tí sí ọmọ tó ń wí àwíjàre. Ó ní òun ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí òun fún un ní máàkì, òun sì fún un ní iye tó tọ́ sí i.

"Mẹ́wàá ni ti ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá ná mẹ́jọ lónìí, kí ni màá fún ọ̀la, nígbà tó bá le jù báyìí?"

Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ pé nítorí mẹ́rin ni wọn ò ṣe fi kún oògùn. Ó ní òun rò pé ibi tí oògùn náà mọ nìyẹn. Ó ní òun ti rò pé bó ṣe máa ń rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn, pé àwọn tó kù ń mú un mọ́ra, ojú sì ń ti òun láti jẹ́ ẹni tí kò lè mú un mọ́ra.

Mo pe Nọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ Àìkú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Nọ́ọ̀sì ti dé ọ̀dọ̀ dókítà lánàá. Wọ́n ti fi kún oògùn náà, wọ́n sì fún wa ní ìwọ̀n kékeré tó máa mu ní ìdajì wákàtí ṣáájú ìwẹ̀ tàbí ohunkóhun tó bá le. Ó fa ìlà pupa sí abẹ́ gbogbo nọ́ńbà tí mo ti kọ. Ó ní ká má bi Tíṣà ní máàkì mọ́. Ohun mẹ́ta ni kí n máa kọ: wákàtí mélòó ló sùn, ṣé ó jẹun jókòó, kí ló ṣe fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀ wá. Ó ní ẹ̀bi òun ni, pé ó yẹ kí òun ti bi tíṣà bó ṣe máa ń fúnni ní máàkì. Mo ní kó má bẹ̀ wá, ẹni tó ń bá a sùn ní yàrá kan náà ò mọ̀.

Mo wá sọ ohun tó wà nínú mi jáde. Mo ní mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé oògùn yìí, tí wọ́n bá ti ń fi kún un, ó ti parí fún ẹni náà nìyẹn, pé bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí mẹ́rin dùn mọ́ mi létí tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, oògùn yìí ò ní mú un yára lọ. Ìrora ló ń mú un lọ lójú yín, díẹ̀díẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Ó sùn láti àná ọ̀sán. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fi ọwọ́ sí imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo pe Nọ́ọ̀sì. Ó ní ṣé ó ń jí tí mo bá pè é, ṣé ó ń mí dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tilẹ̀ ní kí n fi òun sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi í sílẹ̀ lóòótọ́, pé oorun oṣù kan ló ń sùn, ṣùgbọ́n tí kò bá dáhùn, tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń falẹ̀, kí n pe òun lójú ẹsẹ̀.

Àkọ́bí ní kí n lọ kan pẹpẹ ìwé Lọ́yà kí n yéé mí sí ìyá òun lójú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹta

Sùn: wákàtí méje. Jẹun jókòó: bẹ́ẹ̀ ni, lórí tábìlì, ẹyin kan àti búrẹ́dì. Ṣe fúnra rẹ̀: ó bú mi nítorí ìwé tí mo ń kọ, ó ní bí mo ṣe ń kọ "d" dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Láàárọ̀ yìí Tíṣà ní òun fẹ́ wẹ̀. Ó mu oògùn, a dúró fún ìdajì wákàtí. Mo gbé àga kẹta wá, ó ní rárá. Mo gbé ti fóòmù wá, ó ní rárá. Ti àkọ́kọ́ ló fẹ́, èyí tó fún ní mẹ́ta. Àkọ́bí wé ọ̀rá mọ́ báńdéèjì apá rẹ̀. Ó wọlé, mo sì gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi dún. Omi dákẹ́. Omi tún dún. Ó wá ń kọrin sínú, orin tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní láti fi ka òǹkà, ó sì ṣi ohùn níbi méjì. Mo fi etí ti ìlẹ̀kùn.

"Káfíńtà, kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Mo kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ó jáde pẹ̀lú aṣọ tó ti wọ̀ fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì méjì wọ ihò tí kì í ṣe tiwọn, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Lánàá itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kò lè kúrò lórí ibùsùn, èémí rẹ̀ sì máa ń gé tó bá sọ̀rọ̀ gígùn. Èmi ni mo fi aṣọ tútù nù ún. Kò sọ nǹkan kan. Ní báyìí mo mọ ohun tí àìsọ nǹkan kan ń jẹ́, mo pe Nọ́ọ̀sì kí n tó parí nínù rẹ̀.

Àkọ́bí ti padà síbi iṣẹ́. Ó dìrọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lápá òsì, ó pẹ́ gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin

Nọ́ọ̀sì ní jẹjẹrẹ ti dé egungun itan náà, pé ó ti ń fúyẹ́. Wọ́n máa fi ẹ̀rọ tan ìtànṣán sí i ní ọsibítù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe fún ìwòsàn, fún ìrora ni. Tíṣà bi í pé ṣé òun á ṣì lè máa wẹ̀. Ó ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe é gan-an nìyẹn. Tíṣà ní ó dáa, ká lọ.

Mo gbé pẹpẹ ìwé Lọ́yà fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù kẹrin

Ìrora itan rẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí a lọ gba ìtànṣán náà. Sùn: wákàtí mẹ́fà. Jẹun jókòó: bẹ́ẹ̀ ni. Ṣe fúnra rẹ̀: ó wẹ̀, ìlẹ̀kùn ní títì, ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó tún ka gbogbo ìwé yìí láti ojú ewé kìíní, pẹ̀lú báírò pupa lọ́wọ́ òsì. Ó tún àmì ohùn ṣe níbi mọ́kàndínlógún. Níbi tí mo ti kọ ọ́ pé mo sunkún láàárín àwọn àga, kò tún nǹkan kan ṣe, ó kàn fi báírò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó ṣí ewé.

Nírọ̀lẹ́ ó ní òun fẹ́ yí máàkì àga náà padà. Ó ní mẹ́jọ.

Mi ò mọ ohun tí mo máa fi ojú mi ṣe. Mo bi í pé níbo ni méjì tó kù wà.

Ó ní ibì kan wà lẹ́yìn ìgbọ́wọ́lé tí kò dán, ó tóbi tó èékánná. Mo ní àṣé, mo sì ti dìde láti lọ mú sáńpépà. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án rárá. Tí ọṣẹ bá ti wọ òun lójú, ibẹ̀ ni òun máa ń fi ọwọ́ wá, ibẹ̀ ni òun fi ń mọ̀ pé òun ti di àga mú.

Mo ní tó bá wúlò fún un, kí ló dé tó fi yọ méjì?

"Àṣìṣe ni àṣìṣe ń jẹ́." Ó na ọwọ́ òsì, ó gbá orí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Jókòó, Káfíńtà."

Tíì méjì wà lórí tábìlì kékeré. Mo jókòó títí tiwa méjèèjì fi tán.